Ọmọ mi ní Oba Femi ti kọjá Brock Lesnar. Ẹ̀yin tí ẹ wo àwọn méjèèjì, ẹ bá mi dá sí i

Aránṣọ Màkún (Ṣágámù):

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ rẹ́sílìn ni mo gbé wá, ti Brock Lesnar ará Amẹ́ríkà àti Oba Femi ọmọ Nàìjíríà, oníjà iléeṣẹ́ rẹ́sílìn WWE ni àwọn méjèèjì. Ẹ má wò mí pé obìnrin tó ń rán aṣọ ni mí, nílé bàbá tó bí mi, rẹ́sílìn la fi ń jẹun alẹ́.

Láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ 2025 tí Brock Lesnar ti padà wá ní SummerSlam, eré ńlá WWE kan, tó gbé John Cena ṣánlẹ̀ lẹ́yìn tí Cena bá Cody Rhodes jà tán, ariwo ò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wo fídíò náà lórí fóònù mi, ó ní, "Mọ́mì, bàbá yìí ti dàgbà. Oba Femi á gbé e bí ẹni gbé àpò gàrí." Mo ń tẹ màṣíìnì lọ́wọ́, mo dá ẹsẹ̀ dúró. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó wá mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, ó kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: OBA FEMI JU BROCK LỌ. Gbogbo oníbàárà tó wọlé láti ọjọ́ náà ló ń bi mí pé ta ni Brock.

Bàbá mi ta obì ní Ṣágámù níbí títí ó fi jáde láyé ní 2019. Bí ọjà bá dára, á háyà kásẹ́ẹ̀tì fídíò méjì bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún á ti lo oṣù mẹ́ta mẹ́rin lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa sọ èsì fún wa ṣáájú, nítorí náà tuntun ni lójú wa. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí ní 2002. The Rock ni bàbá mi fẹ́ràn. Nígbà tí Brock bá The Rock jà ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún náà, oṣù márùn-ún péré ni a ti mọ ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó gbé The Rock kọ́ èjìká bí ẹni gbé ewúrẹ́, ó fi í yí po, ó jù ú sílẹ̀, bẹ́líìtì lọ. Bàbá mi dá kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, bíi pé tí òun bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, The Rock á yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bà tutù sórí àwo.

Ọdún kejì rẹ̀ ni èyí tí n kò lè gbàgbé. WrestleMania, eré WWE tó tóbi jù, ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2003. Brock gun orí okùn igun ríìngì, ọkùnrin tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì ààbọ̀ lọ, ó fò sókè, ó fẹ́ yí ara rẹ̀ po lójú afẹ́fẹ́ kó tó já lé Kurt Angle. Orí ló fi balẹ̀. Bàbá mi dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ara rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ ti kú." Ṣùgbọ́n Brock dìde. Ojú rẹ̀ kò mọ ibi tó wà. Ó ṣì gbé Angle, ó ṣì ṣán an mọ́lẹ̀, ó gba bẹ́líìtì. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti gbà fún un. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé eré ni wọ́n ń ṣe, mo mọ̀ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí ẹni tó máa borí kí wọ́n tó wọlé. Ọrùn tó balẹ̀ yẹn ńkọ́? Kò sí ẹni tó fẹnu kò lórí ìyẹn.)

Tí Brock bá ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, tó ń fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, inú mi á kọ́kọ́ pa rìdì. Àánú ẹni tó dúró dè é ló máa ń ṣe mí. Nígbà tó sì fòpin sí ti Undertaker ní 2014, Undertaker tí kò sí ẹni tó ti ṣẹ́gun rẹ̀ rí ní WrestleMania, 21 ni ó ti bori, bàbá mi pa tẹlifíṣọ̀n, ó jáde lọ jókòó síta. Kò wo rẹ́sílìn mọ́ fún bí ọdún kan.

Ní ti Oba Femi, mo ti jókòó ti ọmọ mi, mo ti wò ó dáadáa, n kì í ṣe ẹni tó ń dá ẹjọ́ ẹnìkan. Mo rí i ní oṣù kìn-ín-ní 2024 tó gba bẹ́líìtì North American ti NXT, ẹ̀ka tí WWE ti ń tọ́ àwọn ọmọ tuntun, lọ́wọ́ Dragon Lee. Ó gbé e dání ju 260 ọjọ́ lọ, kò sí ẹni tó ti gbé e pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà, kí Tony D'Angelo tó gbà á ní oṣù kẹwàá. Ní ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní 2025, ó wọ ríìngì pẹ̀lú Trick Williams àti Eddy Thorpe, ó gba bẹ́líìtì tó ga jù ní NXT. Agbára rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Ọmọ wa ni, inú mi ń dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn, òun náà sì ni ìbéèrè mi. Brock máa ń dẹ́rù bà mí. Oba Femi máa ń wù mí wò. Ṣé nítorí pé ọmọdé ni mí nígbà yẹn ni, tí mo ti di ìyá ọmọ báyìí? Tàbí ohun kan wà lára Brock tí ọmọ yìí kò tíì ní? Tí a bá fẹ́ wọn àwọn méjèèjì, kí ni ká fi wọ̀n wọ́n? Ẹ má kàn sọ fún mi pé "Brock ni" tàbí "Oba ni". Ẹ ṣàlàyé, nítorí màá ka gbogbo rẹ̀ sétí ọmọ mi.

Tíṣà Pápá (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ bàbá.

Ìyàtọ̀ tí ẹ rí láàárín ohun tó ń bani lẹ́rù àti ohun tó ń wuni wò, ẹ má tì í sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ojú yín ríran. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún yín ibi tó ti wá. Inú iṣẹ́ tí oníkálukú kọ́ kó tó dé ríìngì ló ti wá.

Ọmọ oko ni Brock, wọ́n ń sin màlúù oníwàrà ní Webster, ní ìpínlẹ̀ South Dakota. Ìjàkadì ilé ẹ̀kọ́ ló jà, irú èyí tí kò sí okùn tí kò sí orin, tí wọ́n ń ka àmì fún ẹni tó bá kápá ẹnìkejì rẹ̀. Gbogbo ìjà tó jà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó borí nínú 106, ó fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Ní 2000, òun ló gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn tó wúwo jù nínú ìdíje NCAA, fún Yunifásítì Minnesota. Ẹni tó bá kọ́ irú ìjà yẹn, ìbàdí rẹ ló ń wá. Á bọ́ sábẹ́ apá rẹ, á yọ sí ẹ̀yìn rẹ, á fi ọwọ́ méjèèjì dì ọ́ ní ìgbàdí, kí o tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ ti kúrò nílẹ̀. Ohun tó fi gbé John Cena gba ẹ̀yìn nígbà mẹ́rìndínlógún ní SummerSlam 2014 nìyẹn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ja gídígbò rí lórí iyanrìn: ẹni tó wà níwájú rẹ, o lè kà á lójú. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, tó ń mí sí ọ lọ́rùn, òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó pàápàá, ara yín mọ̀ ọ́n.

Isaac Odugbesan tó di Oba Femi, irin ló ń jù. Ṣọ́ọ̀tì-pútù. Ó jù ú fún Yunifásítì Alabama, ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje SEC tí àwọn yunifásítì ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibi tí mo fẹ́ràn nìyí.

Irin tí ọkùnrin àgbà ń jù, kílò 7.26 ni. Inú agbo róbótó kan ni wọ́n ti ń jù ú, fífẹ̀ agbo yẹn láti etí dé etí kò ju mítà 2.135 lọ. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ta jáde níwájú, o lè ju irin náà dé Ẹ̀pẹ́, wọn ò ní kà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rò pé apá ni wọ́n fi ń jù ú. Mo máa ń ní kí wọ́n di ọwọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n fi ìbàdí nìkan ti mí, kí wọ́n lè mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni agbára ti ń bẹ̀rẹ̀. Á gba orúnkún, á gba ìbàdí nígbà tó bá yí, á dé àyà, apá ló ń gbà á kẹ́yìn. Ẹni tó bá kánjú, apá á ṣáájú ìbàdí, irin á já sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ọ̀. Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, ohun kan náà ni olùjù-irin ń kọ́: dúró jẹ́ẹ́, kó gbogbo ara rẹ jọ, jẹ́ kó jáde lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá wo bó ṣe ń parí ìjà. Á ju ẹni náà sókè tààrà, á gbà á bó ṣe ń bọ̀, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Fall from Grace ni wọ́n ń pè é. Ẹ dá fídíò dúró níbi tó ti fẹ́ jù ú, kí ẹ wo orúnkún rẹ̀. Orúnkún olùjù-irin ni. Ẹ tún wo bó ṣe ń dúró sáàárín ríìngì, bíi pé agbo róbótó yẹn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í sá kiri. Àwọn yòókù ló ń sá wá bá a, tí wọ́n ń já lára rẹ̀ bí ẹni fi ara gbá ògiri. Brock ní tirẹ̀ kò lè dúró sójú kan, ẹ̀yin náà ti sọ ọ́, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń fò.

Ẹ ti wá sí Ojúde Ọba rí? Ọlọ́run kó tẹ́ Ọba Síkírù Adétọ̀nà sí afẹ́fẹ́ rere, tó wàjà ní oṣù keje 2025, ojú wa ò tíì gbẹ. Ẹ rántí bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin á fi ẹṣin sáré, eruku á sọ, ìbọn á dún, àwọn obìnrin á kó ọmọ wọn sá. Lẹ́yìn náà, àgbà ilé balógun kan á wá rọra fi ẹṣin rìn wọlé, kò sáré, kò pariwo. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló dẹ́rù bà yín. Ẹni kejì ló wù yín wò. Ta ni ẹ máa sọ pé ó ju ẹnìkejì lọ nínú wọn?

Àwa tí a dàgbà ní àwọn ọdún 1970, Power Mike, oníjà rẹ́sílìn Nàìjíríà ìgbà náà, ni gbogbo ọmọkùnrin ń pe ara rẹ̀ tó bá ti borí nínú eré òṣùpá. N kò fi Brock wé e, n kò sì ní fi Oba Femi wé e. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní dandan ni kí n wọ̀n wọ́n, ní ti ara, n kò rò pé ọmọ yìí kéré sí Brock níbì kankan. Ọwọ́ Brock yá jù ú lọ. Ẹsẹ̀ Oba múlẹ̀ jù ú lọ.

Ọ̀gá Ìwòran (Ìkẹ́nnẹ́):

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Àlàyé yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ ibì kan wà tí n kò bá yín lọ, ẹ jọ̀wọ́.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní, mo máa ń fi rẹ́sílìn hàn lóròòru bí kò bá sí bọ́ọ̀lù. Mo ti gbọ́ ariwo èrò fún nǹkan bí ogún ọdún, mo mọ èyí tó wá láti inú. Ẹ̀rù Brock tí àbúrò wa ń sọ, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló fà á. Àwọn tó ṣe é sí ló fà á. Ẹ ka ọdún 2002 nìkan: ó fún Hulk Hogan mọ́ àyà títí ẹ̀jẹ̀ fi dà, ó na The Rock, ó bá Undertaker wọ inú àgò irin, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Àwọn èèyàn tí bàbá yín ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí wọ inú ilé, ó ń ṣẹ́ àwọn bàbá ní ìkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló dà bí àjálù.

Ta ni Oba Femi nà ní NXT tí bàbá yín ì bá mọ orúkọ rẹ̀? N kò fi bú u. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ ni NXT. Ẹ jẹ́ kó fi agbára yẹn hàn lórí ìtàgé ńlá níwájú àwọn tí gbogbo ayé mọ̀, ká tó kọ nǹkan sára ògiri.

Ẹ̀yin àbúrò mi aránṣọ, ohun kan tún wà tí ẹ sọ tí mo fẹ́ tún ṣe. Ẹ ní oṣù márùn-ún péré ni. Oṣù márùn-ún ni ẹ fi mọ ojú rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 2000 ni wọ́n ti gbà á síṣẹ́, wọ́n sì fi í pa mọ́ sí Ohio Valley ní Kentucky, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú Shelton Benjamin kí wọ́n tó mú un jáde ní oṣù kẹta 2002. Kásẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò dé Ṣágámù ni. Ní oṣù kejìlá 2021 ni wọ́n mú Oba mọ́ àwọn eléré ìdárayá yunifásítì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sínú ètò wọn, ó gba bẹ́líìtì àkọ́kọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ọdún méjì àti díẹ̀ fún ẹnì kìíní, ọdún méjì àti díẹ̀ fún ẹnì kejì. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìta gbangba ni Oba ti kọ́ tirẹ̀, a ń rí i bó ṣe ń ṣe àṣìṣe. Ti Brock, ó ti jinná kí wọ́n tó gbé e wá sórí tábìlì.

Èmi kì í bínú sí ẹni tó rọra ń bọ̀ o. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo wà. Lójú mi níbí ni Remo Stars ṣe gba ipò kejì nínú líìgì, tí wọ́n tún gba ipò kejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó wá gba ife ọ̀hún ní 2025. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe ipò kejì, n kò pè wọ́n ní aṣíwájú.

Ọmọ Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè):

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, n kò bá wọn wo Brock ti 2002, wọn ò tíì bí mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un.

Èkíní, ọjọ́ orí. Brock wọlé ní 2002, ó sì lọ ní oṣù kẹta 2004 lẹ́yìn tó bá Goldberg jà ní WrestleMania. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ló lọ gbìyànjú lọ́dọ̀ Minnesota Vikings. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó lọ. 1998 ni wọ́n bí Oba Femi, ó pé 27 ní 2025. Gbogbo ohun tí Brock ṣe ní àkọ́wọlé rẹ̀, ó ti ṣe é tán, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé 27. Undertaker tí ẹ ń sọ yẹn, lẹ́yìn tó padà wá ní 2012 ni, nígbà tó ti gba bẹ́líìtì UFC, níbi tí wọ́n ti ń jà gidi, lọ́wọ́ Randy Couture ní 2008, tó ti di bàbá ńlá. Ẹ máa ń fi gbogbo ayé Brock wé ọdún méjì ti Oba.

Èkejì, orúkọ. Nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, orúkọ Odugbesan yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ní tiwa ni. Èmi ní orúkọ nìkan kò tó láti fi gba ọmọ olọ́mọ. Ṣùgbọ́n orúkọ orí ìtàgé rẹ̀ ló wù mí jù. Ọbáfẹ́mi, orúkọ kan ni, orúkọ tí bàbá Awólọ́wọ̀ jẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ti gé e sí méjì: Oba, wọ́n á sinmi, Femi. Nígbà tí wọ́n gé e báyẹn, apá àkọ́kọ́ di oyè. Ó sì ń hùwà oyè yẹn, The Ruler ni wọ́n ń pè é. Nílé wa, orúkọ tó sọ pé ọba fẹ́ràn ọmọ ni. Lọ́hùn-ún, ọmọ ló di ọba. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé àwa nìkan la ń gbọ́ méjèèjì pọ̀ nígbà tí olùpolongo bá pè é.

Tí ẹ bá bi mí, ohun tí mo máa fi wọ̀n wọ́n ni ẹni tó bá lè dúró pẹ́ láì sá lọ. Kí a tún sọ̀rọ̀ ní 2030.

Aránṣọ Màkún (Ṣágámù):

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí rẹ̀ lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi àgbà balógun tó ń rọra fi ẹṣin rìn, ó ní kí n tún un kà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ jàre mi lórí Ohio Valley. N kò mọ̀ rárá. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti rò pé ọ̀run ni ọkùnrin yẹn já bọ́.

Lẹ́yìn tí a kà á tán, a gbé fóònù mi jókòó sórí òkìtì aṣọ, a wo ìjà The Rock ti 2002, a sì wo ti Oba Femi ní oṣù kìn-ín-ní 2025 tẹ̀ lé e. Mo ṣe bí tíṣà ṣe wí, mo ń dá a dúró. Orúnkún yẹn! Mo rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni náà sì ti wà lókè. N kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ mo ti wo ìjà yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi rí ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ń wo ti 2002, ó ní, "Mọ́mì, ta ni ọkùnrin kúkúrú tó ń pariwo létí ríìngì yẹn?" Mo ní Paul Heyman ni, òun ló ń gbẹnu sọ fún Brock. Ó ní, "Kí ló dé tí Brock kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni. Títí Brock fi di àgbà, Heyman ló ń gbé e kalẹ̀: á dárúkọ rẹ̀, á ka ẹni tó ti pa, á sọ fún wa pé kí ẹ̀rù bà wá. Brock á kàn dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa fò. A ti ń bẹ̀rù kí ó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Oba Femi á mú maikí fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó jìn bí ìsàlẹ̀ kànga yẹn, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á dákẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín àwa àti òun.

Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn mi wà, papọ̀ mọ́ ohun tí tíṣà sọ. Brock, n kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó dúró lẹ́yìn ẹlòmíràn, ó sì ń ti ẹ̀yìn mú èèyàn. Oba, mo mọ̀ ọ́n, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo rí i tó ń bọ̀ láti iwájú. Kò lè dẹ́rù bà mí bíi ti Brock láéláé, kò sì yẹ kó gbìyànjú ẹ̀. Tí wọ́n bá ní kó máa ṣe bíi Brock lórí ìtàgé ńlá, kó máa sáré kiri, kí ẹlòmíràn máa gbẹnu sọ fún un, wọ́n ti ba iṣẹ́ tó dára jẹ́. Bí aṣọ ni. Wọn kì í fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ fún ẹni tó ní ara tirẹ̀, bó ti wù kí ẹni àkọ́kọ́ rẹwà tó.

Nítorí náà mo ní kó má nu ohun tó kọ sára ògiri, ṣùgbọ́n mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ohun tí ọmọ Àgọ́-Ìwòyè sọ sí abẹ́ rẹ̀: Brock, 26, ó lọ. Oba, 27, ó wà níbẹ̀. Ó bínú díẹ̀ pé n kò gbà pátápátá. Bàbá mi náà ò gbà fún Brock títí ó fi fi orí balẹ̀.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ló kù. Láti àárọ̀ ni ọmọ yìí ti di ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń fi ìbàdí ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ìdè ìlẹ̀kùn ti ń dún. Ó ní òun fẹ́ máa ju irin. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Ìwọ̀n irin wo ni mo lè wá fún un?

Tíṣà Pápá (Ìjẹ̀bú-Òde):

Kò pẹ́ rárá. Kílò mẹ́rin ni kó fi bẹ̀rẹ̀, tó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kó bọ́ sórí kílò márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó gbé ti àgbàlagbà, á ba èjìká rẹ̀ jẹ́. Kí ẹ tó rí irin rà, ẹ ní kó fi ẹfun fa agbo róbótó sílẹ̀, mítà méjì ó lé díẹ̀ láti etí dé etí, kó máa kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí nínú rẹ̀ láì mú ohunkóhun lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ilé ẹ̀kọ́ ò tíì wọlé, ẹ gbé e wọ mọ́tò wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní àárọ̀ Sátidé. Pápá Dípò Dínà ni mo máa ń wà, mo ṣì ní irin méjì nílé tí ẹnikẹ́ni ò jù mọ́.